Ọ̀la Ti Mọ́ ní Táráwà

Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni Màmá Filomẹ́nà máa ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá.
Kì í jókòó. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí,
ọwọ́ kan lára ògiri, ọwọ́ kan lórí orókún,
á ní, "Ka òkun fún mi."

Mo tan fóònù, mo kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́:
Táráwà, ẹ̀fúùfù láti ìlà-oòrùn, kò le, kò rọ̀.
Ìgbì mítà kan ààbọ̀. Òjò wínníwínní lówùúrọ̀.
Fùnàfútì, ìkùukùu ṣú bolẹ̀, àrá ń sán lókèèrè.
Súfà, ẹ ṣọ́ra. Ìgbì mítà mẹ́rin.
Kí ọkọ̀ kékeré má ṣe kúrò ní èbúté.

"Ọkọ̀ tirẹ̀ ń kọ́?"
"Ọkọ̀ tirẹ̀ kì í ṣe kékeré, Màmá."
"Ta ló gbé e ti òkun wò?"

Dúródọlá lorúkọ tó sọ ọmọ náà.
Ọlá ló ní lọ́kàn nígbà yẹn,
ọlá ilé alájà méjì, ọlá aṣọ funfun ní ọjọ́ Kérésì.
Àmọ́ ọmọ wọkọ̀ ní Àpápá,
ohùn kan yẹ̀ nínú orúkọ rẹ̀,
ó wá ń gbé níbi tí ọ̀la ti kọ́kọ́ ń gúnlẹ̀.
Ọjọ́ Ajé ò tí ì tán ní Lafiájì,
Ìṣẹ́gun ti mọ́ lójú Dúródọlá.
"Ó ti rí ọ̀la," ni Màmá wí.
"Bá mi bi í bóyá wọ́n á múná wá."

Ní alẹ́ tí Súfà bá burú,
á gbẹ́nu sún mọ́ fóònù:
"Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru,"
bí ẹni pé kápítéènì ń gbọ́.

Bí mo bá sì ní òjò ń bọ̀ ní Táráwà,
á sọ̀ kalẹ̀, á ká aṣọ kúrò lórí okùn,
oòrùn Èkó ṣì ń sun páànù lọ́wọ́.
Múínátù yàrá ẹ̀yìn á rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ á fi ṣomi.
Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Nínú oṣù Agẹmọ, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta,
kò sinmi, kò jẹun.
Ọ̀sà kún. Gọ́tà kọ̀, kò gbomi mọ́,
ó ń bi èyí tó ti mu.
Omi wọ yàrá ìsàlẹ̀, ó gbé àga, ó gbé ìkòkò,
ó gbé káléńdà ìjọ tí Màmá fi ń ṣírò ọjọ́ ọmọ,
ó ń yí wọn po nínú ilé bí ẹni ń wá nǹkan.
Màmá ti ìka bọ omi, ó tọ́ ọ wò.
"Iyọ̀ wà níbẹ̀," ló wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Agogo mẹ́fà, ó kan ilẹ̀kùn. Ìró rẹ̀ tutù dé itan.
"Ka òkun fún mi."

Fóònù ti kú láti àná.
Mo gbé e sójú síbẹ̀, dígí dúdú,
mo yọjú lójú fèrèsé, mo kà:
Lafiájì, ẹ̀fúùfù láti gúúsù, ó ń fa páànù létí.
Omi dé orókún; níwájú ilé-ẹ̀kọ́, ó dé ìbàdí.
Bàtà ọmọdé kan, ti ẹsẹ̀ òsì, ń tukọ̀ lọ síhà Òbáléńdé.
Ìgbì díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ akẹ́rù bá kọjá.
Kí arúgbó má ṣe kúrò ní èbúté.

Ó dákẹ́. Láti orí bàtà yẹn ló ti mọ̀.
"Èyí kì í ṣe tibẹ̀."
"Rárá, Màmá."
"O kà á dáadáa." Ó fi etí ìborùn nu ojú.
"Ṣùgbọ́n ta ní ń ka tiwa fún un?"

Nísàlẹ̀, omi gun àtẹ̀gùn kan sí i.